Fíláàṣì àti ṣọ́tà tó lọ́ra: kí ló ń fa òjìji sára àwọn tó ń jó nínú fọ́tò alẹ́?

Ọmọ Òkèṣà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ fọ́tò, mo kí yín o. Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìgbéyàwó àti ìṣílé ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè mí sí. Bí mo bá fi fíláàṣì sílẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú ènìyàn á hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn á dúdú kirikiri. Gbogbo iná aláràbarà àti òdòdó tí wọ́n fi owó ńlá ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ á pòórá, oníbàárà á sì máa béèrè ibi tí ọ̀ṣọ́ òun wọlé sí.

Nítorí náà mo yí fíláàṣì sí Slow, ipò tó ń jẹ́ kí ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ kámẹ́rà) pẹ́ kó tó padé, mo sì jẹ́ kí ṣọ́tà lọ sí 1/15 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀yìn ti ń hàn báyìí, fọ́tò àwọn àlejò tó jókòó nídìí tábìlì sì dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí tọkọtaya bá dìde láti jó, òjìji á wà lára wọn: ojú ìyàwó á di méjì, ọwọ́ ọkọ á fà gùn, gèlè ìyá ìyàwó á sì ní etí funfun kan tí kò sí lórí gèlè gangan. ISO 1600 ni mo lò (ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó), f/4 ni ojú lẹ́ńsì, fíláàṣì wà lórí kámẹ́rà, mo sì yí orí rẹ̀ sí àjà. Ṣé kí n gbé ṣọ́tà sókè padà ni, àbí Rear tí mo rí nínú kámẹ́rà ni kí n lò? Kí ló dé tí àwọn tó jókòó fi hàn kedere tí àwọn tó ń jó kò hàn, nígbà tó jẹ́ pé fíláàṣì kan náà ló tàn sí gbogbo wọn?

Fọ́tò Ìkẹ́rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Rear ni kí ẹ lò. Láti ìgbà tí mo ti yí kámẹ́rà mi síbẹ̀ ni n kò ti yí i padà mọ́. Fíláàṣì á dúró di ìgbà tí ṣọ́tà bá kù díẹ̀ kó padé kí ó tó tàn, nítorí náà ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ ni òjìji á wà, kò ní wà níwájú rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́tà sílẹ̀ ní 1/15. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Àgbà Ayàwòrán, Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú akitiyan. Nígbà tí a fi fíìmù ń ya àwòrán, Pentax K1000 ni kámẹ́rà mi, 1/60 ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ sì ní kí n máa fi ṣọ́tà sí bí mo bá ti gbé fíláàṣì lé e. N kò yẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, àwọn oníbàárà mi kò sì ráhùn. Ojú ènìyàn ni ẹni tó ń sanwó fẹ́ rí. Bí ojú ìyàwó bá di méjì, òdòdó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀. Ẹ padà sí 1/60.

Ní ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹnì kan dárúkọ, ọwọ́ ayàwòrán nìkan ni ó lè dá dúró. Kò lè sọ fún oníjó kó má mì.

Tíṣà Ìdó

Bàbá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ìdọ̀bálẹ̀ sọ èyí: òtítọ́ ni 1/60 tí wọ́n kọ́ yín lórí K1000, ṣùgbọ́n ààlà òkè ni, kì í ṣe ààlà ìsàlẹ̀. Kọ́tìnì méjì ni ó wà nínú ṣọ́tà irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀; èkínní á ṣí, èkejì á sì tẹ̀lé e láti padé. Lórí K1000, 1/60 ni ó yára jù tí kọ́tìnì èkínní fi lè ṣí tán pátápátá kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Bí ẹ bá lo 1/125 pẹ̀lú fíláàṣì, apá kan fọ́tò á dúdú, nítorí pé kọ́tìnì ti bo apá yẹn nígbà tí fíláàṣì tàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ má kọjá ibẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, ààlà náà ti gòkè dé 1/200 tàbí 1/250. Ní ti ìsàlẹ̀, kò sí ohun tó ní kí ẹ má lọ sí 1/30, sí 1/8, tàbí sí ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko, bí iṣẹ́ bá pè fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dì mú ni pé fọ́tò méjì ni ó ń wọ inú àwòrán kan ṣoṣo. Fíláàṣì ya ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ tó ti wà nínú gbọ̀ngàn ya èkejì. Fíláàṣì kì í pẹ́: bí a bá lò ó pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò ju nǹkan bí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá lọ, bí a bá sì dín agbára rẹ̀ kù gan-an, ó lè kúrú ju 1/20000 lọ. Ẹ rántí bí mànàmáná ṣe ń fi igi tí atẹ́gùn ń mì hàn wá lóru, tí gbogbo ewé rẹ̀ á dúró gbagidi lójú wa. Bí ṣọ́tà ṣe wù kó pẹ́ tó, kò fi kún ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì, kò sì dín in kù. Ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn nìkan ni ṣọ́tà ń bá wí níhìn-ín. Láti 1/60 sí 1/15, ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn tó wọlé ti di ìlọ́po mẹ́rin, fíláàṣì sì wà bó ṣe wà. Ojú lẹ́ńsì àti ISO ni wọ́n ń kan méjèèjì pa pọ̀.

Ibí yìí ni ìdáhùn Ọmọ Òkèṣà wà. Oníjó tó wà nínú òkùnkùn kò lè ní òjìji, bí ṣọ́tà tilẹ̀ wà ní 1/8, nítorí pé fíláàṣì nìkan ni ó tàn sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ mìíràn bá ń tàn sí ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ṣọ́tà fi ṣí ni òjìji ń jáde. Àwọn tó jókòó náà gba ìmọ́lẹ̀ gbọ̀ngàn sára, ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò mì, fọ́tò méjèèjì bá ara wọn mu, ojú wa kò sì rí i pé méjì ni. Ìbéèrè mi ni pé, ìmọ́lẹ̀ wo ni ó ń tàn sí tọkọtaya nígbà tí wọ́n ń jó?

Abíkẹ́ Ìjerò

Mo lè dáhùn ìbéèrè Tíṣà kí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tó dé: iná oní-fídíò ni. Gbogbo ẹni tó ń ya fọ́tò ìnáwó ló mọ̀ ọ́n. Ní kété tí alága bá ti pe tọkọtaya síta, àwọn oní-fídíò á gbé iná funfun wọn wá síwájú wọn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì nígbà mìíràn, ìmọ́lẹ̀ náà á sì máa tàn sí ojú ìyàwó láìdáwọ́ dúró. Ní ISO 1600, f/4 àti 1/15, iná yẹn nìkan ti tó láti ya fọ́tò odidi láìsí fíláàṣì. Fíláàṣì wá kàn ń ya ìkejì lé e lórí ni. Etí funfun tí Ọmọ Òkèṣà rí lára gèlè, ibi tí gèlè mì dé lẹ́yìn tí fíláàṣì ti tàn tán ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú nọ́ńbà ṣọ́tà kankan, ẹ kọ́kọ́ pa fíláàṣì, kí ẹ ya fọ́tò kan ṣoṣo, kí ẹ sì wo ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, ẹ má wo ògiri. Bí ojú rẹ̀ bá hàn ketekete láìsí fíláàṣì, òjìji á wà bó bá mì. Bí ó bá dúdú dáadáa, tí ìmọ́lẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò ju ìdá mẹ́rin ohun tí fọ́tò nílò lọ, fíláàṣì á borí, òjìji tó kù kò sì ní ṣe nǹkan kan.

Mo tún fẹ́ bá Fọ́tò Ìkẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí Rear. Rear kì í pa òjìji, ó kàn ń sọ ibi tí òjìji á wà ni. Bí ẹni náà bá ń rìn lọ tààrà, ó dára kí ipa rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó ń jó ní ojú kan, tí wọ́n ń mì lọ mì bọ̀, kò ní ẹ̀yìn kò ní iwájú. Òjìji á yí wọn ká, ì báà jẹ́ Rear, ì báà jẹ́ Front, níbi tí fíláàṣì ti ń tàn ní kété tí ṣọ́tà bá ṣí. Ó sì ní ìṣòro mìíràn tí mo rí lórí Canon. Bí fíláàṣì bá wà lórí TTL, níbi tí kámẹ́rà ti ń fúnra rẹ̀ pinnu agbára fíláàṣì, ó máa ń kọ́kọ́ tan díẹ̀ láti fi wọn ìmọ́lẹ̀. Ní Front, títàn méjèèjì máa ń súnmọ́ra débi pé ojú kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Rear pẹ̀lú ṣọ́tà tó pẹ́, ti àkọ́kọ́ á tàn níbẹ̀rẹ̀, ti gidi á dúró di ìparí, àwọn ènìyàn á sì rò pé a ti yà wọ́n tán. Ìyá ọkọ á ti yíjú sí ẹlòmíràn kí fíláàṣì gidi tó tàn. Nítorí ìdí yìí, fọ́tò ẹbí tó tò lẹ́sẹẹsẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ Rear láé.

Fọ́tò Ìkẹ́rẹ́

Mo gbà pé kò yẹ fún fọ́tò ẹbí, n kò sì lò ó fún un. Ibi tí mo ti ń lò ó ni ìgbà tí ènìyàn bá ń jó bọ̀ wá sọ́dọ̀ kámẹ́rà tàbí tó ń kọjá lọ, ibẹ̀ ni n kò sì ti ní fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ọdún Ùdírókò ní Adó, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí ìjòyè kan máa jó bọ̀ pẹ̀lú ìrùkẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1/10 pẹ̀lú Rear, ojú àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ á hàn kedere, ìrùkẹ̀rẹ̀ á sì fa ilà funfun láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí. Bí ẹ bá lo Front, ilà yẹn á yọ síwájú ọwọ́, ẹni tó bá wò ó á rò pé ńṣe ni ìjòyè ń fẹ̀yìn rìn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òjìji irú èyí jẹ́ àbùkù.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ máa yí kámẹ́rà tẹ̀lé ẹni náà bí ó ṣe ń lọ, láti ìgbà tí ṣọ́tà bá ṣí títí di ìgbà tí ó bá padé. Ẹ̀yìn á fà, ẹni náà á dúró.

Ará Ọ̀mùò

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ ti sọ̀rọ̀ nípa bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bí ṣọ́tà bá ṣe ń pẹ́ sí i ni àwọ̀ gbọ̀ngàn ń wọlé sí i. Àwọ̀ fíláàṣì súnmọ́ ti ọ̀sán, nǹkan bíi 5500K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀; bó bá ṣe kéré sí i ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ́n sí i). Gílóòbù pupa tí wọ́n ṣì ń lò ní àwọn gbọ̀ngàn àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 3000K. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, ojú ènìyàn á dára, ẹ̀yìn á pọ́n bí ọsàn. Ẹ ra ọ̀rá aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní CTO, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fíláàṣì, kí ẹ sì yí kámẹ́rà sí Tungsten, ipò àwọ̀ tó wà fún irú gílóòbù bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ràn èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì, nítorí pé bí gbogbo pípọ́n ẹ̀yìn bá lọ tán, fọ́tò náà kì í jọ ìnáwó alẹ́ mọ́.

Fíláàṣì tí a yí sí àjà, inú gbọ̀ngàn tí àjà rẹ̀ funfun tí kò sì ga jù nìkan ni ó yẹ. Ìgboro ni ọ̀pọ̀ ìnáwó wa ti ń wáyé, lábẹ́ kánópì. Bí kánópì bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù tàbí pupa, tí ẹ sì ju fíláàṣì sí i, àwọ̀ rẹ̀ ni yóò padà wá sí ojú àwọn àlejò, kò sì sí bí ẹ ṣe lè tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí yóò mọ́ tán. Lábẹ́ irú kánópì bẹ́ẹ̀, ẹ dojú fíláàṣì kọ iwájú, kí ẹ fi aṣọ funfun tín-ín-rín tàbí ike funfun bò ó.

Ọmọ Òkèṣà

Ẹ ṣeun gan-an. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, iná oní-fídíò méjì ni ó wà níwájú wọn. Mo ti ṣe ohun tí Àǹtí Abíkẹ́ sọ: mo pa fíláàṣì, ojú ìyàwó sì hàn bí ẹni pé fíláàṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ṣọ́tà lọ sí 1/125 kí iná yẹn má bàa ríṣẹ́ ṣe, ẹ̀yìn á tún padà dúdú. Ìlà dúdú àti ìlà funfun sì máa ń yọ lára ìbòjú tó wà lẹ́yìn àga tọkọtaya. Ṣé nọ́ńbà kan wà láàárín tí yóò gba èyí tí yóò sì kọ tọ̀hún?

Abíkẹ́ Ìjerò

Kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Bí iná oní-fídíò bá fi ìlọ́po mẹ́rin mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ìlọ́po mẹ́rin náà ni yóò máa jẹ́ ní 1/15, ní 1/60, àti ní 1/125. Ṣọ́tà ń dín méjèèjì kù pọ̀, ó sì ń fi kún méjèèjì pọ̀. ISO àti ojú lẹ́ńsì kò yàtọ̀. Iná náà fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kúrò ní ibi tí ó wà, tàbí kí ẹ̀yin kúrò.

Ẹ lọ bá oní-fídíò kí ìnáwó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ijó bá ti gbóná. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé iná kan sẹ́yìn tọkọtaya, kí ó sì dín èkejì kù. Ọ̀pọ̀ iná wọn báyìí ló ní ibi tí wọ́n ti ń dín in kù. Iná tó wà lẹ́yìn á kàn fi ilà wínníwínní sí etí gèlè àti èjìká, fídíò tirẹ̀ náà á sì lẹ́wà sí i, nítorí náà kì í ṣe ojú rere nìkan ni ẹ ń tọrọ. Bí ó bá kọ̀, ẹ rìn yí ká títí iná rẹ̀ á fi wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ti ibi tí ẹ dúró sí. Bí àyè rẹ̀ kò bá sí rárá, ẹ fojú sọ́nà. Nínú gbogbo ijó, ìgbà kan máa ń wà tí ara á dúró díẹ̀: nígbà tí ọkọ bá yí ìyàwó tán tí wọ́n sì wo ojú ara wọn, tàbí nígbà tí gángan bá já orin kí ó tó mú òmíràn. Ní 1/30, ìdúró kékeré yẹn ti tó.

Àgbà Ayàwòrán, Ìkọ̀lé

Ọmọbìnrin yìí mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìdúró díẹ̀ tí ó sọ yẹn, bí a ṣe ń ṣe é nígbà fíìmù nìyẹn, nítorí pé a kò ní fíìmù tí a ó fi ṣòfò.

Tíṣà Ìdó

Lórí ìlà dúdú àti funfun: iná LED ló ń fà á. Iná ìjọba wa jẹ́ 50Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń rẹ̀ sílẹ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ iná LED tí kò ní ẹ̀rọ tó dára nínú máa ń ṣẹ́jú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa kò rí i. Bí ṣọ́tà bá yára ju àkókò tí iná náà fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lọ, apá kan àwòrán á bọ́ sí ìgbà tí iná mọ́lẹ̀, apá kejì á bọ́ sí ìgbà tí ó ṣókùnkùn. Ẹ lo 1/100 tàbí 1/50, kí iná lè ṣẹ́jú tán lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí 1/125 fi fún yín ní ìlà. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí ìró rẹ̀ ń lọ sókè sódò, 50Hz rẹ̀ náà kò dúró lójú kan. Ẹ máa lo 1/50 tàbí kí ẹ lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Àwọn iná orí pèpéle tí wọ́n ń dín kù tí wọ́n sì ń yí àwọ̀ padà lè máa ṣẹ́jú lọ́nà tiwọn tó yàtọ̀ pátápátá, nítorí náà ẹ dán an wò kí àlejò tó dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifákì

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè fi fóònù ṣe gbogbo èyí?

Tíṣà Ìdó

Bí ó ṣe wà níbí kọ́. Fíláàṣì ọ̀pọ̀ fóònù jẹ́ iná LED kékeré tó ń tàn fún ìgbà pípẹ́ ju ti kámẹ́rà lọ dáadáa, nítorí náà kò lè dá oníjó dúró. Ẹ lè lo Night Mode fún ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́.

Ọmọ Ìpólé

Àwọn tó ń ya fọ́tò níta náà lè jàǹfààní nínú èyí. Ní ìsun omi Àrìnta, nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ti wọ̀ sẹ́yìn òkè, mo máa ń gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo máa ń lo ISO 100, ṣọ́tà á sì wà ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí omi tó ń já wálẹ̀ lè fà bí ó ṣe yẹ. Fíláàṣì á tàn sí ẹni tó dúró níwájú. Kò sí iná oní-fídíò níbẹ̀, òjìji kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni náà dúró níbi tí òfuurufú funfun ti wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Bí orí bá mì díẹ̀, òfuurufú á jẹ etí rẹ̀ wọlé. Ewé dúdú tàbí àpáta ni ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tún pa iná tó ń dènà ojú pupa. Ó máa ń tan fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí kámẹ́rà tó yàwòrán, ẹni náà á sì ti rò pé a ti parí.

Àgbà Ayàwòrán, Ìkọ̀lé

Ọmọ mi fi Nikon D7200 lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ dán 1/15 yìí wò lórí A, níbi tí kámẹ́rà ti ń yan ṣọ́tà fúnra rẹ̀, kámẹ́rà kò gbà, 1/60 ni ó dúró sí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti ṣí fíláàṣì. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń tú u?

Tíṣà Ìdó

Bàbá, bí wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Lórí A àti P, tí kámẹ́rà ti ń yan ṣọ́tà fúnra rẹ̀ lórí méjèèjì, Nikon kì í jẹ́ kí ṣọ́tà lọ sísàlẹ̀ ju 1/60 lọ bí fíláàṣì bá wà ní ipò rẹ̀ lásán. Ẹ wọ Custom Setting, abala e, ẹ á rí Flash shutter speed, ẹ yí i sí nọ́ńbà tí ẹ bá fẹ́. Ó lè lọ títí dé ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ẹ bá mú Slow, kò ní wo ààlà yẹn mọ́ rárá. Lórí M, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń yan ṣọ́tà, kò sì ní dí yín lọ́wọ́.

Ti Canon yàtọ̀: lórí Av, tó jẹ́ A tiwọn, fúnra rẹ̀ ni ó máa ń jẹ́ kí ṣọ́tà pẹ́ bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, ó sì lè pẹ́ ju ohun tí ọwọ́ lè dì mú lọ, nítorí náà ẹni tó bá ń lo Canon ní ìnáwó, M ni kí ó fi í sí.

Àgbà Ayàwòrán, Ìkọ̀lé

Mo ti rí i. Ó ti gba 1/15. Ọmọ mi, kí o pẹ́.